Ilé-ẹ̀kọ́ Girama ní Alímọ̀ṣọ́ àti Ohun tí Ọmọ ń Kọ́ Lẹ́yìn Ìwé

Bí a bá dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ girama fún ará Èkó, ọkàn rẹ̀ a máa lọ sí ti C.M.S., tí a dá sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1859, tàbí sí King's College ti ọdún 1909. Kò burú, àgbà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n apá Alímọ̀ṣọ́ ni mo fẹ́ kí a yà sí: Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò, níbi tí oko àwọn Àwórì ti di ìgboro ní ìṣojú àwọn tí kò tíì darúgbó. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ náà.

Kí ó tó di ọdún 1980, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Èkó kò gba àwọn ọmọ. Nítorí náà ni a ṣe pín ọjọ́ sí méjì: bí àwọn ọmọ àárọ̀ bá ti ń jáde ni àwọn ọmọ ọ̀sán ń wọlé, lórí àga kan náà. Ẹni tí ó bá rò pé wákàtí ìwé nìkan ni èyí dínkù kò tíì rò ó dé ìsàlẹ̀. Ìgbà wo ni ọmọ àárọ̀ yóò gbá bọ́ọ̀lù, nígbà tí àwọn ọmọ ọ̀sán ń kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá? Ìgbà wo ni ọmọ ọ̀sán yóò dúró ṣe ẹgbẹ́, nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú, tí ọ̀nà ilé sì jìn? Ọ̀sán ni eré àti ẹgbẹ́ ń jẹ. Ẹni tí ó bá ta ọ̀sán ti tà wọ́n mọ́ ọn.

Alàájì Lateef Jakande, tí ó di gómìnà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1979, ni ó fi òpin sí ètò náà. A sáré kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ilé gbọọrọ tí kò ga, tí a fi páànù bò. Àwọn alátakò pè é ní ilé adìẹ. Ẹ̀fẹ̀ náà dùn, òótọ́ díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, nítorí ooru ibẹ̀ àti ariwo òjò lórí páànù kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n adìẹ kì í ka ìwé. Jakande fúnra rẹ̀ mọ adùn iṣẹ́ ẹ̀yìn ìwé: nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Iléṣà ní ọdún 1945, òun ni olóòtú ìwé-ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń pè ní The Quarterly Mirror, kí ó tó di oníròyìn tí gbogbo ènìyàn mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdíje eré sísá. A ó pín gbogbo ọmọ sí ilé, pupa, búlúù, aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò. A kì í fi kíláàsì pín wọn. Ọmọ kékeré àti àgbà a jọ wà nínú ilé kan. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí kò mọ ẹnì kankan, yóò rí ẹ̀gbọ́n tí yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹni tí ó ń sáré bọ̀. Ti ẹgbẹ́ àríyànjiyàn yàtọ̀: alága a wà, olùṣọ́ àkókò a wà pẹ̀lú agogo rẹ̀, ọmọ a sì máa gbèjà ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò gbà gbọ́. Ẹgbẹ́ àṣà sì ń kọ́ wọn ní ewì, ijó àti ìlù. Ó yà mí lẹ́nu pé ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń jẹ ọmọ níyà nítorí pé ó sọ Yorùbá, ọjọ́ ẹgbẹ́ yìí nìkan ni à ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ilẹ̀ ni ìṣòro tí ó kù. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré àti àgbà ti di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀gá tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà nínú ọgbà kan náà. Bí ọmọ ti ń pọ̀ sí i ni a ń wá àyè ilé tuntun, pápá ni ojú sì ń kọ́kọ́ lọ sí. Níbi tí pápá bá ti ṣẹ́kù ẹyọ kan, àwọn ọ̀gá ní láti jókòó pín ọjọ́ fún un: ọjọ́ kan fún àwọn kékeré, ọjọ́ kejì fún àwọn àgbà.