Freedom Park: Bí ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣe di ọgbà ìtàn l'Ékòó

Lójoojúmọ́ làwọn èèyàn ń ti Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò lọ wá oúnjẹ òòjọ́ wọn ní Erékùṣù Èkó. Àwọn tó bá gba Broad Street kọjá lára wọn lè má mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni Freedom Park, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbafẹ́ lónìí, jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ọdún 1882 ni ìjọba amúnisìn kọ́ ọ. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, koríko ni wọ́n sì fi bo òrùlé, ṣùgbọ́n àwọn tí inú wọn kò dùn sí ìjọba òyìnbó ń ju iná sí i. Ní 1885, wọ́n kó bíríkì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tún un kọ́. Àkọsílẹ̀ sọ pé pọ́n-ùn 16,000 ni wọ́n ná lé ẹ̀wọ̀n lọ́dún náà, nígbà tó jẹ́ pé 700 péré ni ti ètò ẹ̀kọ́. Iye méjèèjì yìí ti tó láti fi mọ ohun tó jẹ ìjọba náà lógún.

Herbert Macaulay àti Anthony Enahoro wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́bẹ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà débẹ̀, ṣùgbọ́n òmìnira ti dé nígbà tirẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ló rán an lẹ́wọ̀n ní 1963.

Ní 1979, wọ́n wó ilé náà, ilẹ̀ rẹ̀ sì di ààtàn. Ayàwòrán ilé kan, Theo Lawson, ló dábàá pé kí wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìtàn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbà á wọlé, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹwàá, 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún òmìnira.

Lawson kò tún ẹ̀wọ̀n náà kọ́. Ó fi òpó àti igun lásán ṣàfihàn bí àwọn yàrá ẹlẹ́wọ̀n ṣe tò, kí ẹni tó bá dúró sínú ọ̀kan lè rí bí ààyè náà ti há tó. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ló di orí ìtàgé fún olórin àti òṣèré. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan sì wà níbẹ̀ tó ń sọ ìtàn ẹ̀wọ̀n náà.

Kì í ṣe gbogbo ilé ìtàn ló ń rí irú àǹfààní yìí. Ilojo Bar, ilé àwọn Àgùdà tó wà ní Tinubu, di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Síbẹ̀, wọ́n wó o ní 2016.

Láti 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Mile 2 sí Marina. Ẹni tó bá sọ̀ níbẹ̀ lè fẹsẹ̀ rìn dé Freedom Park. Bí ilé àtijọ́ kan bá sì ṣì dúró ní agboolé yín, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ìtàn rẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ kó tó di wíwó. Òpó àti igun ni Lawson fi júwe àwọn yàrá ẹ̀wọ̀n Broad Street.