Ṣé gbogbo àgbàdo tó bá ti tóbi ni GMO?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa ń lò láti Sango títí dé Alápótí: "agric". Adìẹ agric, ọ̀gẹ̀dẹ̀ agric, ẹ̀gẹ́ agric, ìbẹ́pẹ agric. Ohun tó bá ti yára dàgbà, tó tóbi ju ti àwọn bàbá wa lọ, tí adùn ẹ̀ ò sì tó, agric ni. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Wàhálà dé nígbà tí àwọn ará WhatsApp gba "agric" kúrò lẹ́nu wa, tí wọ́n fi "GMO" rọ́pò ẹ̀. Ní báyìí, tí àgbàdo bá ti gùn díẹ̀, GMO ni. Ọsàn tí kò ní kóró, GMO. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kàwé dáadáa pé ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ra wọn nínú ìkòkò, GMO ni.

Èmi kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì o, òfin ni mo kà. Ṣùgbọ́n níwájú adájọ́, tó o bá pe ẹ̀sùn ní orúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀, wọ́n á fọ́n ẹjọ́ ẹ dànù ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí nìyẹn. À ń pariwo lórí ohun tí kì í ṣe GMO, èyí tó jẹ́ GMO gan-an sì ń kọjá lọ́dọ̀ wa láìsí ẹni tó bi í léèrè.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí ẹ mọ̀. Kí pásítọ̀ tàbí ààfáà tó so yín pọ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ yẹ jẹ́nótáìpù yín wò. AA, AS, SS. Lẹ́tà méjèèjì yẹn, ọ̀kan wá látọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyá. Ohun tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí ni jíìnì: ìlànà kan tó wà nínú ara, tó ń sọ bí ara ṣe máa ṣe nǹkan kan. Ti AA àti SS yìí ń sọ bí ara ṣe máa ṣe ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa. Jíìnì kan ṣoṣo ló yàtọ̀ níbẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn ń fojú èèyàn rí.

Àgbàdo náà ní jíìnì. Ẹ̀wà ní. Ewúro ní. Ẹni tó bá ní òun ò ní jẹ oúnjẹ tó ní jíìnì, ebi ló máa pa á.

Hybrid ńkọ́? Tí àgbẹ̀ bá gbin irú àgbàdo méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó gé ìrùkẹ̀rẹ̀ orí ọ̀kan dànù kí lẹ́búlẹ́bú orí ìkejì lè bọ́ sórí irun ẹ̀, ọmọ tí àwọn méjèèjì bá bí ni hybrid. Ìgbéyàwó ni. Kò sẹ́ni tó gún nǹkan kan lábẹ́rẹ́. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń yan gààrí ẹ̀ ní Alápótí, irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ló ti wá. Ní àwọn ọdún 1930, àrùn tó ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò ń run oko ní ìlà oòrùn Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ ní Amani, lórílẹ̀-èdè Tanzania òde òní, mú ẹ̀gẹ́ fẹ́ mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kan nínú igbó, igi tí wọ́n ń fi oje ẹ̀ ṣe rọ́bà. Ìrandíran wọn dé Moor Plantation n'Ìbàdàn, àtara wọn ni IITA sì ti mú ẹ̀gẹ́ TMS 30572 jáde ní àwọn ọdún 1970. Igi rọ́bà o! Tí ẹnì kan bá ká ìtàn yìí sórí voice note lónìí, gààrí ò ní tà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Síbẹ̀, kì í ṣe GMO. Broiler tó ń tó pa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà kì í ṣe GMO. Àṣàyàn ìyá àti bàbá ni, pẹ̀lú oúnjẹ tó dáa.

GMO ni kí onímọ̀ mú jíìnì kan látara ohun abẹ̀mí mìíràn, kó fi sínú ti ohun ọ̀gbìn nínú yàrá ìṣèwádìí, lọ́nà tí ìgbéyàwó ò lè gbà ṣe é. Àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí ká gbìn ní Nàìjíríà ò pọ̀ rárá. Òwú ló ṣáájú ní 2018. Ẹ̀wà tẹ̀ lé e ní 2019, SAMPEA 20-T lorúkọ ẹ̀, wọ́n sì ṣí i fún àwọn àgbẹ̀ ní Kano ní 2021. Ní oṣù Kìíní 2024 ni wọ́n kéde àgbàdo TELA, SAMMAZ 72T títí dé 75T. Ẹ wo lẹ́tà T tó wà nídìí orúkọ wọn yẹn dáadáa. Zaria, ní Institute for Agricultural Research, ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀wà àti àgbàdo náà.

Kí ni wọ́n fi sínú ẹ̀wà yẹn? Bakitéríà kan wà nínú ilẹ̀ tó ń jẹ́ Bacillus thuringiensis, òun ni wọ́n gé kúrú sí Bt. Ó ní jíìnì tó ń ṣe ohun kan tó ń pa irú àwọn kòkòrò kan tó bá jẹ ẹ́. Jíìnì yẹn ni wọ́n mú, kí kòkòrò Maruca tó ń lu pádi ẹ̀wà lóko lè kú. Lóko ni mo wí o. Àwọn kòkòrò dúdú tó ń rìn jáde nínú ẹ̀wà lọ́jà Sango, ìyẹn yàtọ̀, Bt ò ràn wọ́n. Àwọn yẹn ló jẹ́ kí àwọn kan máa da Sniper sí ẹ̀wà títí tí NAFDAC fi fòfin de ìgò kékeré ẹ̀ ní 2019. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ẹni tó ń sá fún jíìnì lè ra ẹ̀wà tó ń rùn fìn-ìn bí oògùn ẹ̀fọn, kó sì sè é jẹ.

Ìyá kan tó ń dáko ní Alápótí bi mí ní ìbéèrè tó gún régé ju gbogbo ariwo orí ayélujára lọ: "Lọ́yà, ọmọ mi, tí mo bá gbìn ín lọ́dún yìí, ṣé mo lè tọ́jú irúgbìn ẹ̀ de ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀?" Mo ní, "Màmá, tó bá jẹ́ ẹ̀wà yẹn ni, ẹ lè tọ́jú ẹ̀. Àgbàdo TELA, hybrid ni. Á hù o, àmọ́ kò ní so bíi ti ìyá ẹ̀, ẹ máa padà lọ ra òmíì." Ẹ rí i pé hybrid ló fa ìyẹn, kì í ṣe GMO. Irúgbìn tó ya àgàn tí wọ́n ń sọ kiri, wọn ò tíì tà á lọ́jà kankan lágbàáyé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ màmá yẹn ṣì wà nílẹ̀, torí pé àtọdún 2021 la ti ní òfin Plant Variety Protection, tó fún ẹni tó bá mú irú ohun ọ̀gbìn tuntun jáde ní ẹ̀tọ́ lórí irúgbìn ẹ̀. Ta ló ti kà á nínú wa?

Òfin tó kan GMO gan-an ni èyí tó dá National Biosafety Management Agency sílẹ̀ ní 2015. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kó GMO wọlé tàbí kó tà á láìgbàṣẹ. Òfin náà léyín, torí ní 2017, àjọ yìí dá àgbàdo GMO tí owó ẹ̀ tó mílíọ̀nù 10 dọ́là dúró ní Èkó nítorí pé wọn ò gbàṣẹ, wọ́n sì ní kí wọ́n dá a padà sí Argentina. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún 2024, àwọn aṣòfin nílé kékeré náà ní kí wọ́n ṣèwádìí lórí GMO. Èmi fara mọ́ ìwádìí. Ní tèmi, n ò rí ẹ̀rí tó lè mú kí n sá fún ẹ̀wà Bt, màá jẹ àkàrà ẹ̀. Ṣùgbọ́n pé mo fẹ́ jẹ ẹ́ ò sọ pé kí wọ́n fi pamọ́ fún ẹni tí kò fẹ́.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Gbogbo ìjà tí à ń jà, "ẹ kọ ọ́ sára páálí" ni. Páálí wo? Nínú kóńgò la ti ń ra ẹ̀wà. Ẹ̀wà kúrò lóko ní Kano, ó bọ́ sínú àpò, àpò gun tírélà, ó dé Sango. Ìyá ọlọ́jà já àpò mẹ́ta, ó dà wọ́n pọ̀ sínú ọpọ́n kan, ó fi kóńgò wọ̀n ọ́n. Alákàrà rà á, ó bó o, ó lọ̀ ọ́. Níbo ni lẹ́tà T yẹn wà nígbà tí àkàrà fi dé ọwọ́ ẹ? Àlákọsára tí ò kọjá orí páálí, àwọn tó ń rajà ní supermarket ló wà fún.

Ibi tó ti ṣeé mú ni ìdí àpò, kí wọ́n tó já a. Ẹni tó ń ta irúgbìn mọ ohun tó tà, alágbàtà tó ń kó àpò lóko lè béèrè, ẹgbẹ́ ọlọ́jà ẹ̀wà sì lágbára láti ní kí àpò SAMPEA 20-T ní ọpọ́n tiẹ̀. Kò nílò yàrá ìṣèwádìí kankan, àmì kan tí wọ́n so mọ́ ẹnu àpò ti tó. Ohun tí mo máa fẹ́ kí àwọn aṣòfin tó ń ṣojú Adó-Odò/Ọ̀tà gbé lọ sílé ìgbìmọ̀ nìyẹn.