Ta Ló Ri Òjé Mọ́ Ilẹ̀ Chicago?

Kọ́kọ́rọ́ ilé ni bàbá náà fi ha páìpù ọ̀hún. Yàrá abẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la wà, ní ìhà gúúsù Chicago. Ìwé owó omi tó dé lóṣù yẹn ló mú wa sọ̀ kalẹ̀ lọ wo mítà. Ìjẹ̀bú-Òde ni Bàbá ti wá, iṣẹ́ púlọ́ńbà ni wọ́n sì ṣe ní ìlú yìí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ síbi tí páìpù aláwọ̀ eérú kan ti yọ lára ògiri, tí oríkèé rẹ̀ wú bí àlùbọ́sà. Wọ́n ha á lẹ́ẹ̀kan, ojú ibẹ̀ sì ń dán yinrin bíi fàdákà. Wọ́n gbé òòfà sún mọ́ ọn, kò lẹ̀.

"Òjé nìyí," ni wọ́n wí. "Nílé, ọrùn ọwọ́ àwọn olóòṣà funfun ni mo ti mọ òjé. Ta ló wá sọ ọ́ di ọ̀nà omi ọmọ ènìyàn?"

Àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ti fi òjé ṣe páìpù omi, plumbum tí wọ́n ń pè é ló bí orúkọ púlọ́ńbà, Amẹ́ríkà sì fòfin de páìpù òjé tuntun ní 1986. Ṣùgbọ́n ti Chicago yàtọ̀. Títí di ọdún tí òfin yẹn dé, ìlú náà fúnra rẹ̀ ló pa á láṣẹ pé òjé ni kí wọ́n fi fa omi láti abẹ́ títì wọ ilé. Ìdí nìyí tí nǹkan bí 400,000 páìpù òjé fi wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ lónìí, tí kò sí ìlú mìíràn ní Amẹ́ríkà tó ní tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè Bàbá dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́. Àna ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wa takisí ní Chicago, ni wọ́n kọ́kọ́ dá a lóhùn: "Ẹ̀yin púlọ́ńbà náà ni!" Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ló lè yí páìpù irin mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n oríkèé òjé ń fẹ́ ọwọ́ tó mọ bí a ti ń yọ́ ọ, tí a ń fi aṣọ nù ún nígbà tó ṣì gbóná títí yóò fi rí roboto. Wọ́n ní ẹgbẹ́ púlọ́ńbà ló rọ̀ mọ́ òfin ìlú tó ní kí wọ́n máa lo òjé, kí ọ̀nà ọ̀fun wọn má baà dí.

Bàbá gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ta ló ta òjé fún wa?" Wọ́n ní àwọn oníṣòwò òjé dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1928, wọ́n ń rán àwọn aṣojú láti ìlú dé ìlú, sọ́dọ̀ púlọ́ńbà, sọ́dọ̀ aṣòfin, pé kí òjé má kúrò nínú ìwé òfin. Lásìkò tí ọ̀pọ̀ ìlú ti ń sá fún un nítorí àìsàn ni wọ́n ń ṣe èyí! Wọ́n tún ní ilẹ̀ Chicago a máa dì nígbà òtútù, a sì máa wú. Òjé á tẹ̀ níbi tí irin á ti kán. Àna ní àwáwí ni. Ọbẹ̀ tutù mọ́ wọn lọ́wọ́.

Lójú tèmi, ẹni yòówù kó jàre, ìlú ló fọwọ́ sí òfin náà. Onílé kò láṣẹ láti yan páìpù mìíràn. Ẹni tí a fi túláàsì ri òjé mọ́ ilẹ̀ ilé rẹ̀, kò yẹ kí a tún ní kó wá sanwó híhú rẹ̀. Kò sì sí ìwọ̀n òjé kan tí a lè ní kò léwu fún ọpọlọ ọmọdé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Flint láti 2014, tí wọ́n yí orísun omi padà láìfi oògùn tí kì í jẹ́ kí omi jẹ páìpù sí i, tí òjé fi wọ inú omi, fi èyí han gbogbo ayé.

Madison, ní Wisconsin, wà lára àwọn ìlú tó kọ́kọ́ hú páìpù òjé wọn. Ìlú mìíràn a máa da fọ́sífétì sómi kó lè bo inú páìpù, ṣùgbọ́n Madison bẹ̀rù pé yóò ba àwọn adágún omi rẹ̀ jẹ́. Láti 2001 títí di 2012, wọ́n pààrọ̀ nǹkan bí 8,000. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé apá kan páìpù jẹ́ ti onílé, ìpínlẹ̀ kò sì gbà kí wọ́n fi owó omi gbogbo ìlú tún un ṣe. Ni wọ́n bá fi orí táǹkì omi gíga-gíga ìlú háyà fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láti gbé ẹ̀rọ wọn sí, wọ́n sì ń fi owó háyà náà san ìdajì ìnáwó onílé padà, tí kò ju 1,000 dọ́là lọ. Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ mi nínú púpọ̀.

Ní Newark, ìjọba Essex County ló bá wọn yá mílíọ̀nù 120 dọ́là ní 2019. Ìlú náà ṣòfin pé òṣìṣẹ́ lè pààrọ̀ páìpù láìdúró de onílé, nítorí ayálégbé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, páìpù tó lé ní 23,000 ti di bàbà, onílé kò sì san kọ́bọ̀.

Ìlú kékeré kò ní ẹni tí yóò bá a yá irú owó bẹ́ẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2021 ya bílíọ̀nù 15 dọ́là sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ìyókù jẹ́ ẹ̀yáwó. Ní 2023, EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, rán àwọn onímọ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mẹ́rin láti bá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wá ibi tí páìpù òjé wà, kí wọ́n sì bá wọn tọrọ owó náà. Àmọ́ inú owó omi ni ẹ̀yáwó ti ń di sísan, Detroit sì ti fi ibi tí owó omi tó wọ́n lè já sí hàn wá ní 2014, nígbà tó gé omi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé tó jẹ gbèsè. Ti Philadelphia ló wù mí: láti 2017, owó tó ń wọlé fún tálákà ni wọ́n fi ń díwọ̀n ohun tí yóò san.

Òfin ìpínlẹ̀ Illinois fún Chicago ní àádọ́ta ọdún, bẹ̀rẹ̀ láti 2027, láti hú òjé rẹ̀ tán. Bàbá mi orí. Wọ́n ní àmù ìyá àwọn wà ní igun ilé, ẹni tó bá fẹ́ mu omi á kọ́kọ́ wo inú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń fọ̀ ọ́. Omi ìsinsìnyí mọ́ gaara, kò sẹ́ni tó rí ibi tó gbà wá.

Ní ìdájí, ẹ̀gbọ́n mi ṣí ẹ̀rọ, wọ́n jẹ́ kó máa dà fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí omi tó sùn sínú òjé lóru lè jáde tán. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wo mítà. Ó ń yí.