Awò Tí Ń La Aláìsàn Lóye Kí Abẹ Tó Kàn Án

Nígbà tí ẹnì kan bá dìde láti Ìfọ̀nyìn, ìlú tí ìwé ìjọba ilẹ̀ Benin ń kọ ní Ifangni, tí ó forí lé ilé ìwòsàn ní Ṣakẹ́tẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, tí dókítà sì wí fún un pé ohun tí ń ṣe é ti kọjá oògùn, abẹ ló kù, ìrora abẹ nìkan kọ́ ni ó ń já a láyà. Òkùnkùn tí ó yí abẹ náà ká ni ó ń dẹ́rù bà á jù: níbo ni wọn yóò ti là á, kí ni wọn yóò yọ, ǹjẹ́ oorun abẹ́rẹ́ náà ṣe é jí? Èdè Faransé ni èdè ìjọba, bẹ́ẹ̀ Nàgó tàbí Ègùn ni ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ohun èlò tí ó lè tan iná sí òkùnkùn yìí, èyí tí aráyé ń pè ní virtual reality, kò ti ọwọ́ oníṣègùn wá rárá. Ní 1968 ni Ivan Sutherland, ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Harvard, gbé awò kan jáde tí a ń dè mọ́rí, tí kọ̀ǹpútà ń yàwòrán sínú rẹ̀, tí ó jẹ́ pé bí ènìyàn bá yíjú, àwòrán náà yóò yí pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wúwo débi pé àjà ilé ni wọ́n so ó rọ̀ sí. Ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ òfuurufú ogun ni ọ̀nà gbà dé yàrá iṣẹ́ abẹ. Moty Avisar àti Alon Geri, tí wọ́n ti bá ọmọ ogun òfuurufú Ísírẹ́lì ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí awakọ̀ fi ń kọ́ bí a ti ń fò láì kúrò nílẹ̀, ni wọ́n dá Surgical Theater sílẹ̀ ní Ohio, Amẹ́ríkà, ní 2010, nítorí pé bí awakọ̀ bá lè dán ọ̀nà wò kí ó tó gòkè, ó yẹ kí ẹni tí ń la agbárí náà lè dán tirẹ̀ wò. Àwòrán tí ẹ̀rọ yà nínú orí aláìsàn gan-an ni wọ́n ń sọ di ibi tí dókítà lè wọ̀, kí ó rìn yí kókó tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wú ká.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù ni pé awò tí a ṣe fún dókítà bọ́ sójú aláìsàn. Nígbà tí yóò fi di 2017, ní Yunifásítì Stanford, dókítà àti ẹni tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ti jọ ń wo inú orí ẹni náà kí abẹ tó kàn án. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹni tí ó ti fojú ara rẹ̀ rí kókó inú ara rẹ̀ yóò mọ ohun tí yóò bi dókítà, bí ó bá sì fọwọ́ síwèé, ó mọ ohun tí ó gbà.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà rẹ̀ jìn sí wa. Ẹni tí ó bá gba Ìgolo kọjá sí Ìdí-Ìrókò, tí ó bá a dé Yábàá l'Ékòó, yóò bá Imisi 3D níbẹ̀, èyí tí Judith Okonkwo dá sílẹ̀ ní 2016 láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ yìí. Láti 2014 ni Google sì ti gbé awò onípáálí jáde, tí a kàn ń ki fóònù bọ̀. Awò kò lè rọ́pò ẹnu dókítà, ó sì ń kọ́ àwọn mìíràn lóòyì; síbẹ̀ ohun tí ó kù wá kù jù ni fíìmù tí ń sọ èdè wa. Mo bẹ ilé-iṣẹ́ ìlera ní Kútọnu àti ní Àbújá, mo sì bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ Yábàá: ẹ ya ti iṣẹ́ abẹ ìbímọ, ẹ ya ti ìpá, ẹ jẹ́ kí ó sọ Nàgó àti Ègùn, kí ẹ sì gbé e dé Ṣakẹ́tẹ́.