Kọ ohun tí o rí: ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ń kọ́ ọmọ ní ìwà

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí a bẹ̀ wò ní agbègbè Kétu, olùkọ́ PCT gbé omi kaná níwájú kíláàsì, ó ti tẹmọmẹ́tà bọ inú rẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ kọ iye tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Omi hó yaya, tẹmọmẹ́tà kò kọjá 98. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ gba ìwé wọn, 100 ló kún ibẹ̀. Wọ́n ti kà á pé ní 100 ni omi ń hó, kí ni wọ́n tún fẹ́ wò?

Olùkọ́ náà kò na ẹnikẹ́ni. Ó béèrè pé: “Ta ló rí 100?” Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọmọbìnrin kan ló nawọ́ láti ẹ̀yìn: “Mùsíé, 98 ni mo rí, ṣùgbọ́n mo ti pa á rẹ́.”

Ó ní kó wá kọ 98 sójú pátákó. Ìyókù wákàtí náà, ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ṣé tẹmọmẹ́tà ni kò péye ni, àbí kò wọ inú omi tó? Olùkọ́ fi kún un pé lórí òkè gíga, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti tẹ omi mọ́lẹ̀ púpọ̀, omi máa ń hó kó tó dé 100.

A ò dá àwọn ọmọ lẹ́bi. BEPC àti BAC ni wọ́n ń lé, ẹni tó bá kọ 100 ló sì ń gba máàkì. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti mọ bí a ṣe ń tún iye kọ ní kíláàsì, lọ́la òun ló lè tẹ ìdí kọ́ńgò wọnú lọ́jà, tàbí kó kọ ìwọ̀n ìgbóná ara aláìsàn tí kò wọ̀n sínú ìwé.

Marie Curie tí gbogbo wọn mọ orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Ní 1898 ni òun àti Pierre ọkọ rẹ̀ kéde radium. Ó di 1902 kó tó rí ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù iyọ̀ rẹ̀ yọ, láti inú òkúta tó tó tọ́ọ̀nù mélòó kan, nínú ahéré kan tí òjò ń jò sí ní Paris.

Láti ọjọ́ náà, olùkọ́ náà ti ya máàkì 5 sọ́tọ̀ nínú 20 fún ẹni tó bá kọ ohun tó rí, kódà bí kò bá ti ìwé mu. Olùkọ́ SVT náà ti gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀wà ni wọn yóò gbìn sínú òwú tútù. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá hù, kó kọ ọ́ pé kò hù.