Kí Ọmọ Àrìgìdì Tó Délé

Inú wa a máa dùn nígbàkígbà tí a bá gbọ́ pé ọmọ Àrìgìdì Àkókó kan ń bọ̀ láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n kí ó tó gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ àti Ìkàrẹ́ wọlé, yóò kọ́kọ́ dúró níwájú àwọn oníbodè ìjọba ní pápá ọkọ̀ òfúrufú Ìkẹjà. Ibẹ̀ ni ayọ̀ ẹlòmíràn ti ń di ẹkún.

Iṣẹ́ oníbodè kì í ṣe tuntun láàrin wa. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn baba wa ti ń san owó ẹyọ lórí ẹrù ní ẹnu ibodè ìlú. Ṣùgbọ́n òfin òde òní ka ohun mìíràn léèwọ̀ pátápátá: adìẹ inú yìnyín àti òkìrìkà títà wà nínú wọn. A kì í san owó lórí èèwọ̀. Ṣe ni ìjọba ń gbà á. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ọdún 2022 wí pé kí ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ bá ju 10,000 dọ́là Amẹ́ríkà lọ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún oníbodè. Mímú owó wá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fífi í pamọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ rántí pé owó èésú ni ẹlòmíràn fi ń rajà. Bí ẹrù bá sọnù, gbèsè kò ní sọnù. Ẹ tọ́jú ìwé ọjà yín. Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù tí ẹ kò tú wò. Bí ẹ bá san owó bodè, ẹ gba ìwé ìjọba: ẹni tí ó gba owó láìfúnni ní ìwé, àpò ara rẹ̀ ni ó ń gbà á sí.

Ẹni tí ó sọ òótọ́ ní bodè ni yóò sùn dáadáa nílé.