Orógbó àti Eékún Dídùn: Báwo La Ṣe ń Dán Egbòogi Wò ní Lábù?

Ọ̀rọ̀ orógbó la bá wá lónìí, àmọ́ kì í ṣe orógbó nìkan. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ewé kan tàbí èso kan ní antioxidant, tàbí pé ó máa ń jẹ́ kí ara wíwú fà, báwo ló ṣe mọ̀? Kí ni wọ́n ṣe ní lábù kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀? Ibo sì ni ẹ̀rí wọn mọ?

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa. Láti Ìlógbò-Èkìtì dé Ìdó, títí kan Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, àgbẹ̀ ló pọ̀ nínú wa. Àwọn yèyé tó ti fi ẹsẹ̀ rin oko fún ogójì ọdún wà níbẹ̀, eékún sì ń yọ ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ ọjà, wọn a ra àgbo, tàbí kí wọ́n ra oògùn inú ike tí wọ́n kọ "antioxidant" gàdàgbà gadagba sí lára. Owó tí wọ́n fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kó jọ ni wọ́n ń ná sí i, inú ara wọn náà ló sì ń lọ. Ó yẹ kí ẹnì kan ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yẹn fún wọn.

Ohun méjì tí à ń wá

Ẹ wo àdá tó sùn síta lójú òjò, ó ti dípẹtà kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ẹ wo iṣu tí a bẹ tí a gbàgbé sórí àwo, ojú rẹ̀ á dúdú. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ló ń ṣe méjèèjì. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú ara wa náà. Bí a ṣe ń mí tí ara sì ń lo oúnjẹ, àwọn mólékù kan ń jáde tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn kan kò ní ìkejì. Mólékù bẹ́ẹ̀ kì í fara balẹ̀. Á já ti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbà, ẹni tí wọ́n já tirẹ̀ gbà náà á lọ já ti ẹlòmíì, wàhálà á wá máa ràn bí iná ọyẹ́. Antioxidant ni mólékù tó lè yọ̀ǹda ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kí ìjà parí, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ní di jàgídíjàgan. Ọ̀kan nínú wọn ni fítámì C.

Ìkejì ni ara wíwú. Tí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ á pọ́n, á gbóná, á wú, á sì máa ro yín. Ara ló ń jà yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ń sáré lọ síbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ń bá kòkòrò jà, kódà àwọn mólékù jàgídíjàgan tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn wà lára ohun ìjà tí wọ́n ń lò. Ìjà yẹn dára, tó bá ti lópin. Èyí tí kò lópin, bíi ti eékún tó ń wú lọ́dọọdún, ló ń ba nǹkan jẹ́. Ní 1971, John Vane ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé aspirin ń dènà bí ara ṣe ń pèsè àwọn èròjà kan tí wọ́n ń pè ní prostaglandin, tó ń jẹ́ kí ibi tó dùn wú kó sì máa ro ni. Ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1982. Oògùn bíi naproxen àti diclofenac náà ń gba ọ̀nà yẹn.

Kí ewé tó dé lábù

Orúkọ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ewé kan wà lóko wa tí a máa ń fún sójú ọgbẹ́ bí àdá bá bu ni. Àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, àwọn kan ní ewé Awólọ́wọ̀ ni! Ewé kan náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olórúkọ kò sí nínú ẹgbẹ́ kan náà mọ́ nígbà tó yá. Nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, Chromolaena odorata ni. Bí orúkọ bá ti lè dà rú tó báyìí, ẹ ó rí ìdí tí onímọ̀ kì í fi í sọ pé "mo lo ewé báyìí" kó sì dákẹ́. Á mú ẹ̀ka ewé náà lọ síbi tí wọ́n ń tọ́jú àpẹẹrẹ ewé gbígbẹ, bí irú èyí tó wà nílé iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn àti ní yunifásítì Ifẹ̀. Wọ́n á wò ó, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á sá a sábẹ́ ibòji, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú omi tàbí ọtí líle tí wọ́n ń lò ní lábù. Ẹ dúró síbi ọ̀rọ̀ omi àti ọtí yìí díẹ̀. Ohun tí omi ń fà jáde lára ewé yàtọ̀ sí ohun tí ọtí ń fà jáde. Nítorí náà, tí ìwádìí bá sọ pé oje tí wọ́n fi ọtí fà ṣiṣẹ́, ẹ̀rí yẹn kò tíì kan àgbo tí ìyá yín fi omi sè.

Ti orógbó ṣe kedere. Wọ́n á bó o, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á kọ́kọ́ fa òróró inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á wá fi acetone fa ohun tí wọ́n ń wá jáde. Ohun náà ni wọ́n ń pè ní kolaviron. Kì í ṣe èròjà kan ṣoṣo o, mẹ́ta pàtàkì ló wà nínú rẹ̀: GB1, GB2 àti kolaflavanone. Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nsukka kọ̀wé lórí bó ṣe ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀ eku ní àwọn ọdún 1980 sí 1989. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olatunde Farombi ní yunifásítì Ìbàdàn náà ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí rẹ̀.

Ìdánwò àkọ́kọ́: elésè àlùkò di ìyeyè

Ìyẹ̀fun kan wà tí wọ́n ń pè ní DPPH. Marsden Blois ló kọ nípa bí a ṣe lè fi dán antioxidant wò nínú ìwé Nature ní 1958. Mólékù jàgídíjàgan ni òun náà, àmọ́ ó ní sùúrù díẹ̀, ó ṣeé tọ́jú sínú ìgò. Tí a bá pò ó mọ́ ọtí, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí elésè àlùkò. Tí antioxidant bá fún un ní ohun tó ń wá, àwọ̀ náà á ṣí, á di ìyeyè.

Wọ́n á po oje ewé mọ́ ọn, wọ́n á gbé e síbi tó ṣókùnkùn fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ wọn bó ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ mu tó ní 517 nm. Ká sọ pé ẹ̀rọ ka 0.80 fún DPPH tí a kò fi nǹkan kan sí, tó wá ka 0.20 lẹ́yìn tí oje wọ inú rẹ̀. Oje yẹn ti mú 0.60 kúrò nínú 0.80, ìyẹn ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ ó tún máa rí IC50 nínú ìwé wọn. Ìyẹn ni iye oje tó tó láti pa ìdajì àwọ̀ náà. Ibí yìí làwọn èèyàn ti máa ń ṣì í kà: nọ́ńbà tó kéré ló lágbára jù. Ẹ rò ó bí ata. Rodo kan ṣoṣo lè ta nínú ọbẹ̀ ju ìkóódù tàtàṣé lọ. Oje tí ìwọ̀nba 20 tó fún yóò lágbára ju èyí tó fẹ́ 200 kó tó ṣe iṣẹ́ kan náà. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi fítámì C sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí bí kò bá sí ohun tí a fi wé, a kò lè mọ̀ bóyá 20 dára tàbí kò dára.

Àmọ́ o, tíì dúdú ń yege ìdánwò yìí. Omi ìṣápá tí à ń fi ṣe sóbò ń yege. Kòkó ń yege. Àìmọye ewé ló ń yege. Yíyege níbí kò tíì sọ ewé di oògùn.

Ìdánwò kejì: funfun ẹyin

Gbogbo wa la mọ̀ pé funfun ẹyin tútù mọ́ gaara, tí iná bá sì kàn án, á dì, á funfun. Purotéènì inú rẹ̀ ló bàjẹ́ yẹn. Àwọn onímọ̀ á po díẹ̀ mọ́ omi àti oje ewé, wọ́n á gbé e sínú omi gbígbóná tó tó 70°C fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, wọ́n á wá wò ó bóyá oje kò jẹ́ kó funfun tó bó ṣe yẹ. Diclofenac ni wọ́n sábà máa ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìdánwò yìí kò wọ́n, ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ẹyin kò ní ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, kò sì ní eékún. Ó lè fún wa ní àmì pé ó tọ́ ká tẹ̀ síwájú, kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdánwò kẹta: àtẹ́lẹsẹ̀ eku

Ní 1962, Winter àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé títí dòní. Wọ́n á gún carrageenan, èròjà kan tí wọ́n ń rí lára koríko inú òkun, sí àtẹ́lẹsẹ̀ eku. Láàárín wákàtí mélòó kan, ẹsẹ̀ á wú. Wọ́n á pín àwọn eku sí ẹgbẹ́: àwọn kan mu omi lásán, àwọn kan gba indomethacin, àwọn tó kù gba oje ewé, díẹ̀, níwọ̀nba, àti púpọ̀. Wọ́n á máa wọn ẹsẹ̀ náà ní wákàtí wákàtí. Tí èyí tó gba púpọ̀ bá fà ju èyí tó gba díẹ̀ lọ, ẹ̀rí náà túbọ̀ lágbára nìyẹn. Kí iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlò ẹranko gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Eékún ènìyàn gan-an: Ifẹ̀, 2008

Ọ̀pọ̀ ewé kì í kọjá ọ̀dọ̀ eku. Orógbó kọjá. Ní 2008, àwọn oníṣègùn egungun àti onímọ̀ oògùn ní yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláìsàn 84 tí oríkèé eékún wọn ti ń jẹ. Wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin láìṣe ojúsàájú: ẹgbẹ́ kan gba placebo, oògùn tí wọ́n kàn fi ṣe àfiwé, ẹgbẹ́ kan gba naproxen, ẹgbẹ́ kan gba celecoxib, ẹgbẹ́ kan gba èròjà orógbó, 200 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Àwọn aláìsàn fúnra wọn kò mọ èyí tí wọ́n ń lò.

Kí ló dé tí wọ́n fi fún àwọn kan ní placebo? Torí pé ìrora eékún máa ń lọ, ó sì máa ń bọ̀. Bí ẹ bá lo ohunkóhun lọ́jọ́ tó le jù, ó ṣeé ṣe kí ara yín fúyẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ ó sì fi ògo fún ohun tí ẹ lò. Ẹgbẹ́ yẹn ló ń jẹ́ ká mọ ìyàtọ̀.

Àbájáde rẹ̀? Ara tu àwọn tó gba orógbó kíákíá ju àwọn tó gba placebo lọ, ìtura náà sì pẹ́ jù tiwọn lọ. Àmọ́ kò pẹ́ tó ti naproxen àti celecoxib. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ká má sọ ọ́ di ńlá ju bó ṣe wà lọ. Bí ẹ bá pín 84 sọ́nà mẹ́rin, nǹkan bí 21 péré ló kan ẹgbẹ́ kan. Èròjà tí wọ́n wọ̀n ní ìwọ̀n ni wọ́n sì lò, kì í ṣe orógbó tí a ń já ní ibi ìkómọ. Ohun tó kàn ni ìwádìí tó tóbi jù ú lọ, tó sì pẹ́ jù ú lọ.

Ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn Finland hàn yín. Wọ́n rò pé beta-carotene, antioxidant tó wà nínú kárọ́ọ̀tì, á dín jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kù lára àwọn tó ń mu sìgá. Ọkùnrin 29,133 ló kópa. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lo beta-carotene ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ohun tó dára nínú ìgò di ewu nínú ara. Ní 2012, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀gbìn yọ àkójọ nọ́ńbà antioxidant oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní ORAC kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé àwọn ọlọ́jà ń fi nọ́ńbà wọ̀nyẹn polówó, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà inú ìgò kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ènìyàn.

Ìfun lè má gba èròjà náà wọlé. Ẹ̀dọ̀ lè yí i padà kó di nǹkan mìíràn. Ìwọ̀n tó ṣiṣẹ́ nínú ìgò lè má dé inú oríkèé eékún láéláé.

Ìbéèrè tó yẹ kó máa jáde lẹ́nu wa

Bí wọ́n bá gbé ike oògùn ewé síwájú yín, ẹ béèrè: inú ìgò ni wọ́n ti dán an wò ni, àbí lára eku, àbí lára ènìyàn? Ènìyàn mélòó? Kí ni wọ́n fi wé? Omi ni wọ́n fi fà á, àbí ọtí? Ẹ wo ara ike náà dáadáa pẹ̀lú. Lára ọ̀pọ̀ oògùn ewé tó ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń ṣe wò. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń wo eékún sàn.

Ẹ tún ṣọ́ èyí tó bá ṣiṣẹ́ kíákíá jù. A ti rí i ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ pé àwọn kan ń lọ dexamethasone tàbí diclofenac mọ́ ìyẹ̀fun ewé. Yèyé á ní "oògùn yìí mà dáa o", kò sì ní mọ̀ pé ohun tó lè dá ọgbẹ́ sí ikùn tàbí ba kíndìnrín jẹ́ lòun ń lò lójoojúmọ́. Tó bá tún lọ gba naproxen lọ́wọ́ dókítà, ó ti di ìlọ́po méjì nìyẹn. Nítorí náà, tí ẹ bá mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Ìdó-Èkìtì tàbí ibikíbi, ẹ mú ike àgbo náà dání. Ẹ má fi pamọ́ fún dókítà, ẹ má sì jẹ́ kójú tì yín.

Àwọn baba wa kò jẹ orógbó lásán, ìwádìí Ifẹ̀ ti jẹ́ ká rí ìyẹn. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ràn egbòogi ilẹ̀ wa lóòótọ́ ló yẹ kó máa béèrè ẹ̀rí jù, torí ẹ̀rí ni yóò gbé e kúrò nínú ike ọjà dé inú ìwé tí dókítà ń kọ.